Moróunkẹ́, Ẹyẹlé Rẹ̀, àti Òtútù Àyà Tí Kò Gbọ́ Abẹ́rẹ́

Àwọn kan wà n'Ìbàdàn tó jẹ́ pé bí inú bá bí wọn, wọ́n á jókòó, wọ́n á mu omi tútù, ó parí. Moróunkẹ́ kọ́. Tirẹ̀ máa ń hó ni, bí ẹ̀wà orí iná tí wọn ò ṣí ọmọrí rẹ̀.

Aránṣọ ni, ní Agbowó, nínú ilé kan tí yàrá ti kọjú sí yàrá, lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn ọmọ yunifásítì. Àwọn ọmọ yẹn mọ̀ pé ahọ́n rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ. Wọ́n á gbé ṣòkòtò wá kó bá wọn rán an wọlé.

"Ṣé ìwọ lo rù ni, àbí aṣọ ló sanra?"

"Mọ̀mí, gàrí tí à ń mu ni o!"

"Ẹ wò ó, gàrí ti sọ ọmọ olọ́mọ di okùn ìsáṣọ. Gbé e wá níbí."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ, wọ́n á tún padà wá. Ṣùgbọ́n tí Moróunkẹ́ bá ti bọ́ sẹ́yìnkùlé, sí ìdí ẹyẹlé rẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Ohùn á rọ̀, ọwọ́ á rọ̀, á máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹyẹlé funfun ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ará ìjọ Aládùúrà ló ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìdúpẹ́, òun náà sì jẹ́ ọ̀kan lára wọn.

Bàbá rẹ̀, apẹja létí omi Ẹlẹ́yẹlé, ló kọ́ ọ ní ẹyẹ sísìn. Bàbá náà ló kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń ṣe bí ìyá ẹyẹ bá kú tí ọmọ rẹ̀ ò tíì híyẹ́. Wọ́n á rẹ àgbàdo mọ́jú, wọ́n á rún un lẹ́nu títí á fi kúnná, wọ́n á bu omi díẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ ẹyẹlé á wá ti ẹnu bọ igun ètè wọn, á máa fà á mu, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n fún ìdùnnú. Ẹ gbọ́, ẹni tí kò bá rí i rí ò ní gbà gbọ́! Bí ìyá ẹyẹ gan-an ṣe ń bọ́ ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ẹnu ènìyàn ló dípò ẹnu ẹyẹ.

Àṣà yìí ni Ìyá Jésùlọlá rí láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ìyá Jésùlọlá ló ń gbé yàrá tó kọjú sí ti Moróunkẹ́, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ìrẹ̀. Ó jù ú lọ lọ́jọ́ orí, búrẹ́dì ló ń tà, kò sì sí ọ̀rọ̀ ilé náà tí kì í gba ẹnu rẹ̀ kọjá. Ó gbé póò jáde sẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ náà, ó bá rí Moróunkẹ́ tó dijú, tí ẹnu ẹyẹ wà nínú ẹnu rẹ̀. Póò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o! Ìyá Ìrẹ̀ ń gbé ẹyẹ mì!"

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìtàn ti kúrò níbi tó wà. Wọ́n ní ẹyẹ ò wọlé sẹ́nu rẹ̀ rárá, wọ́n ní ńṣe ló ń jáde. Kò sẹ́ni tó pe orúkọ tí gbogbo wọn ń rò, ṣé ẹnu ẹni kì í ṣe ibi tí àá ti pe àjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó máa ń gbé ọmọ wá fún un kó wọn aṣọ iléèwé bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìrẹ̀mídé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń kàwé l'Ákúrẹ́, gbọ́ ọ níbẹ̀, ó pè é lórí fóònù, ó ń sunkún.

Moróunkẹ́ bínú, ó bú gbogbo ilé. Lẹ́yìn èébú, ó ṣe ohun tó burú ju èébú lọ. Ó kó gbogbo ẹyẹ náà wọnú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ẹrù sí lẹ́yìn yàrá òun àti ọkọ rẹ̀. Ó fi ọ̀rá dúdú di fèrèsé pa, ó kan ìṣó mọ́ ọn. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹnu òun àti ẹnu ẹyẹ, kó wá gba inú ògiri kọjá.

Àwọn aládùúgbò ń gbé e kiri pé ó fẹ́ràn òkùnkùn. Ta ló tì í wọnú òkùnkùn náà?

Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, ó ra ẹyẹlé tuntun lọ́wọ́ ẹnì kan ní Bódìjà. Ojú wọn ń ṣomi, ìgbẹ́ wọn tutù, ó sì ní àwọ̀ ewé. "Ìrìn ló rẹ̀ wọ́n," ni ẹni tó tà á wí. Abo kan kú nínú wọn, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀. Moróunkẹ́ rẹ àgbàdo, ó rún un lẹ́nu, ó bọ́ wọn. Láràárọ̀ ni ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá ìgbẹ́ gbígbẹ nínú yàrá tí kò lójú afẹ́fẹ́. Eruku á sọ, á dúró sójú kan nínú ìmọ́lẹ̀ iná fóònù rẹ̀ bí èéfín. Ó ń fà á símú.

Nígbà tó yá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Kì í ṣe orífífọ́ lásán o, ó dà bí pé wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀. Ibà dé, ara ríro dé, ikọ́ gbígbẹ kan tí kì í mú nǹkan jáde dé.

Ó lọ sọ́dọ̀ Abdulrauf oníkẹ́míìsì. Abdulrauf ò tíì jẹ́ kó jókòó tán.

"Ibà àti taifọ́ọ̀dù ni, Mọ̀mí."

"O ò tíì yẹ̀ mí wò."

"Mọ̀mí, kí ló tún kù tí mo fẹ́ yẹ̀ wò? Gbogbo Agbowó ló ń ṣe báyìí." Ó ti ń já ògùn sínú ọ̀rá. Ti ibà, ti ara ríro, àti ámpísílìn lórí rẹ̀.

Ó lò ó tán, ikọ́ ò lọ. Ó padà lọ, Abdulrauf ní taifọ́ọ̀dù náà lágídí, ó fún un ní abẹ́rẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Àdúrà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà, ó sì sọ fún un lójú gbogbo ìjọ pé, "Ọmọ mi, Ọlọ́run tí à ń pè níbí náà ló dá dókítà. Lọ sí ọsibítù lónìí." Ó yẹ kó gbọ́. Ó ní ó dọ̀la.

Ọ̀la ni ó ṣubú lé maṣíìnì ìránṣọ. Ọkọ rẹ̀, Ọlánípẹ̀kun, wà lórí ìrìn, ó ń fi takisí rẹ̀ kó èrò láti Dùgbẹ̀ sí Challenge. Ta ló gbé Moróunkẹ́ pọ̀n dé títì? Ta ló dá kẹ̀kẹ́ máruwá dúró, tó ń pariwo mọ́ onítọ̀hún títí wọ́n fi dé ọsibítù kan ní Ring Road? Ìyá Jésùlọlá ni! Ayé nìyẹn. Ẹni tó ba orúkọ rẹ jẹ́ náà ló ru ọ́ sẹ́yìn.

Dókítà tó gbà wọ́n kéré lọ́jọ́ orí, Ramlah lorúkọ rẹ̀, ó fi ìbòrí aláwọ̀ búlúù borí. Ó gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ èémí lé Moróunkẹ́ lẹ́yìn, ó gbọ́, ó tún gbọ́. Wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀. Apá kan ẹ̀dọ̀fóró ti funfun bí ìgbà tí wọ́n da ògì sí i.

"Òtútù àyà ni, mà," ni Dókítà Ramlah wí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀, ó ń bèèrè dáadáa. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe? Ṣé ẹ rin ìrìn-àjò? Ṣé ẹnikẹ́ni ń wúkọ́ nílé? "Ṣé ẹ ń sin nǹkan nílé, mà? Ewúrẹ́, adìyẹ, ẹyẹ kankan?"

Moróunkẹ́ gbójú sókè. Ìyá Jésùlọlá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó di fílásìkì mú, ojú rẹ̀ là kalẹ̀, ó ń dúró de ìdáhùn.

"Rárá," ni Moróunkẹ́ wí. "Mi ò sin nǹkan kan."

Ìyá Jésùlọlá wo ilẹ̀. Òun náà ò sọ nǹkan. Ó rò pé irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti dókítà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí níbẹ̀. Ìbéèrè yẹn gan-an ni kọ́kọ́rọ́! Ó ti bọ́ sínú ilẹ̀kùn, ó kù kí wọ́n yí i. Ahọ́n tó mú ju àlùmọ́gàjí lọ wá kú lójú obìnrin oníbúrẹ́dì.

Wọ́n dá a dúró. Wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú, wọ́n ń fa abẹ́rẹ́ olówó ńlá sínú omi tó ń kán sí i lára. Wọ́n yẹ itọ́ rẹ̀ wò bóyá ikọ́ ife ni, kì í ṣe òun. Ibà ò sì lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ ni èémí ń kúrú sí i, tó fi di pé kò lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó sinmi. Ọlánípẹ̀kun ń bọ̀ lálaalẹ́, á fi aṣọ tútù nù ún lójú, á máa ṣẹ̀fẹ̀ tí kò dénú òun fúnra rẹ̀.

"Ìyá Ìrẹ̀, ó tó wákàtí mélòó báyìí tí o ò tíì bú mi. Ara mi ò yá."

"Ẹ ti... bọ́ wọn?"

"Mo bọ́ wọn. Jẹ́ kí n sọ fún dókítà pé..."

"Tí ẹ bá... dárúkọ ẹyẹ... níbí, mi ò ní... bá yín sọ̀rọ̀ mọ́ láyé."

Ọlánípẹ̀kun mọ ìyàwó rẹ̀. Ó panu mọ́. Jẹ́jẹ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ náà lè pààyàn.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Ìyá Jésùlọlá wá wò ó. Ó gbé búrẹ́dì tuntun, ọsàn àti fílásìkì ọjọ́sí wá, ó dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, ó gbàdúrà, ohùn rẹ̀ ń ròkè débi pé aláìsàn tó wà ní kọ̀rọ̀ jí. Ó ṣe àmín tán, ó wá tẹ̀ sórí Moróunkẹ́.

"Ìyá Ìrẹ̀, má bínú sí mi. Nítorí ẹ̀mí rẹ ni. A ti bá láńlọ́ọ̀dù sọ ọ́. Ní Sátidé, a máa kó àwọn nǹkan tó wà nínú yàrá yẹn jáde, a máa dáná sun wọ́n. Mo bá láńlọ́ọ̀dù wọ ibẹ̀ lánàá lọ wò wọ́n. Ojú wọn ń ṣomi bí ojú ènìyàn! Bí wọ́n bá ti jóná tán, wàá rí i, wọ́n á tú ọ sílẹ̀."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, àwọn nọ́ọ̀sì yẹn ń sọ ọ́ títí dòní. Moróunkẹ́ tí kò lè dá jókòó, ó jókòó! Ó fa ọ́síjìn yọ nímú, ó jù ú sílẹ̀.

"Ta ní kó sun ẹyẹ mi?"

"Ìyá Ìrẹ̀, rọra..."

"Mi ò rọra! Ẹyẹlé ni mo ń sìn! Ẹyẹlé!" Ikọ́ gbà á, ó wú u tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ látibi tó dé. "Ẹnu mi ni mo fi ń bọ́ ọmọ wọn. Bàbá mi fi ẹnu rẹ̀ bọ́ wọn, kò sẹ́ni tó pè é lórúkọkórúkọ. Èmi ṣe é, mo di ẹni tí à ń sá fún! Ṣé nítorí pé mo jẹ́ obìnrin ni? Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ikú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ dòdò mi lọ́jọ́ ìkómọ Jésùlọlá, ibo lẹ yẹrí sí?"

Dókítà Ramlah ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí Ìyá Jésùlọlá ti ṣe àmín. Ó wá síwájú wéréwéré, ó dá ọ́síjìn padà sí i nímú pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mà, kí lẹ sọ? Ẹnu yín? Ẹnu yín lẹ fi ń bọ́ ẹyẹlé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Ẹ lọ gbé páńpẹ́ ọba wá fi mú mi!"

"Ṣé èyíkéyìí ń ṣàìsàn nínú wọn?"

"Àwọn tí mo rà ní Bódìjà. Ọ̀kan kú."

Dókítà náà fọwọ́ lé orí. Inú bí òun náà. "Mà, mo bi yín! Ọjọ́ tẹ́ ẹ dé, mo bi yín, ẹ ní rárá!"

Moróunkẹ́ wò ó. "Ẹ" tó fi ń bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ jábọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

"O bi mí. Ojú ta ni o ti bi mí?"

Dókítà Ramlah wo Ìyá Jésùlọlá. Ó wo fílásìkì ọwọ́ rẹ̀. Ó rántí pé obìnrin yìí ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn lọ́jọ́ náà.

"Ẹ má bínú, mà," ló wá sọ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ó yẹ kí n ti ní kí wọ́n bọ́ síta."

Ó wá fa àga, ó jókòó, ó ṣàlàyé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ọgbọ́n kòkòrò! Kòkòrò kan wà tó ń gbé lára ẹyẹ, lára odídẹrẹ́, lára ẹyẹlé. Ó ń bá ìgbẹ́ wọn jáde, àti omi ojú wọn. Ìgbẹ́ náà á gbẹ, á di eruku, ẹni tó bá fà á símú ti gbà á lálejò. Kò ní jókòó síta bí kòkòrò òtútù àyà tí gbogbo ayé mọ̀. Inú ẹran ara gan-an ló ń wọ̀, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, á máa bímọ níbẹ̀. Ámpísílìn àti abẹ́rẹ́ olówó ńlá yẹn, ògiri ara kòkòrò ni wọ́n ń wó, àwọn tó wà lójú pópó ni wọ́n sì ń bá jà. Wọ́n ń lu ilẹ̀kùn ìta, olè wà nínú yàrá, ó ń jẹun!

"Ògùn wo ló ń wọlé bá a?" ni Moróunkẹ́ bèèrè.

"Dọ́sísáíkílìn. Kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n rárá, mà. A máa gba ẹ̀jẹ̀ yín ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n èsì á pẹ́, a ò sì ní dúró dè é. Òní la máa bẹ̀rẹ̀."

Ó yíjú sí Ìyá Jésùlọlá. "Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Ẹ ní ẹ wọ yàrá yẹn lánàá. Ṣé ẹ bo imú?"

Ojú Ìyá Jésùlọlá yí. "Mi ò... Kí ló lè ṣe mí?"

"Bí orí bá fọ́ yín, bí ara yín bá gbóná, ẹ tètè máa bọ̀ níbí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan yàrá náà. Bí ẹ bá gbá eruku yẹn sókè, tí ẹ dáná sí ìyẹ́ yẹn, gbogbo ilé ló máa fà á símú. Ìyẹn ni mo ń bẹ̀rù. Èmi ò mọ nǹkan mìíràn tí ẹ ń bẹ̀rù."

Ilé ògùn ọsibítù náà ò ní dọ́sísáíkílìn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọlánípẹ̀kun gbọ́ lórí fóònù, ó sáré dé Agbowó, ọ̀dọ̀ Abdulrauf. Ẹ má bínú sí mi, n kò lè sọ èyí kí n má tutọ́ sílẹ̀: ògùn náà wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn orí Abdulrauf! Ibẹ̀ ló wà ní gbogbo ọjọ́ tó ń ka taifọ́ọ̀dù sí wọn létí!

Abdulrauf ṣẹ́jú sí i. "Dádì, àtọ̀sí ni? Mi ò ní sọ fẹ́nì kan o."

"Ìyàwó mi ló fẹ́ lò ó."

"Háà! Ẹ̀yin méjèèjì?"

Ọlánípẹ̀kun, ẹni jẹ́jẹ́, nawọ́ kọjá káńtà, ó mú páálí náà fúnra rẹ̀. "Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lo ń fi ṣeré látọjọ́ yìí. Bó bá kú, n ó wá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù yìí, n ó máa sọ fún gbogbo ẹni tó ń bọ̀ pé o ò yẹ̀ ẹ́ wò." Abdulrauf ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Kí ọjọ́ méjì tó pé, ibà náà balẹ̀. Ó balẹ̀! Moróunkẹ́ jí láàárọ̀ Sátidé, aṣọ rẹ̀ tutù fún òógùn, ó sì mí kanlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni pé, "Sátidé lòní. Níbo ni Bàbá Ìrẹ̀ wà?"

Ọlánípẹ̀kun kò gbé takisí jáde lọ́jọ́ náà. Àga ló gbé sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹyẹlé, ó fi aṣọ bo imú, ó jókòó. Láńlọ́ọ̀dù dé pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì, ó bèèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

"Mo ń ṣọ́ ẹyẹ, sà."

"Ṣé o ò mọ̀ pé ilé mi ni?"

"Ilé yín ni, sà. Ẹ̀dọ̀fóró yín náà ni. Dókítà ní kí n má jẹ́ kí eruku wọ inú rẹ̀." Ó ṣàlàyé fún un bó ṣe gbọ́ ọ. Láńlọ́ọ̀dù rántí pé òun ti wọ yàrá náà ní Ọjọ́rú, ó gbé kẹrosíìnì rẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá Jésùlọlá ò tilẹ̀ ṣílẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n máa dá Moróunkẹ́ sílẹ̀, Dókítà Ramlah kìlọ̀ fún un gidi: kó lo ògùn náà tán, bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ ti yá kó má dá a dúró; kó fi omi púpọ̀ gbé e mì, kó má sì dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; kó má fi mílíìkì mu ún; kó sá fún oòrùn ọ̀sán. "Ní ti ẹyẹ, mà, ẹ pe dókítà ẹranko. Ṣùgbọ́n ẹnu yín..."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Láéláé."

"Mo ní mo ti gbọ́, ọmọ mi."

Dókítà ẹranko wá láti Bódìjà. Ó pa àwọn tí àìsàn ti mu wọra, ó sin wọ́n jìnnà, ó fi ògùn sínú omi àwọn tó kù. Moróunkẹ́ dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ẹyẹ funfun mẹ́ta tí òun ti ń sìn láti kékeré bí wọ́n ṣe ń bá wọn lọ nínú àpò. Kò sunkún. Ó pọ̀ jù fún ẹkún. Lẹ́yìn náà ni Ọlánípẹ̀kun wọ́n omi sí gbogbo ilẹ̀ yàrá kó tó gbá a. Moróunkẹ́ mú háńmà, ó yọ ìṣó fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa ọ̀rá dúdú náà ya, ìmọ́lẹ̀ wọlé.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹyẹlé méjèèjì yè. Nígbà tí dókítà ẹranko ní ara rẹ̀ ti mọ́, Moróunkẹ́ gbé e jáde sí àárín ẹ̀yìnkùlé ní ọ̀sán gangan, lábẹ́ ibòji, níbi tí yàrá gbogbo ti lè rí i. Ó fi aṣọ bo imú àti ẹnu. Ó fa àgbàdo lílọ̀ sínú sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́.

"Ẹ jáde wá o!" ló kígbe. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba ihò kọ́kọ́rọ́ wò mí, ẹ wá wò ó dáadáa! Mi ò wọ inú yàrá mọ́!"

Àwọn ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀díẹ̀. Ìyá Jésùlọlá ló kọ́kọ́ jáde, ó fi ìborùn bo imú débi pé ojú rẹ̀ nìkan ló kù.

"Ìyá Ìrẹ̀, ṣé kò ní ran èèyàn láti ibi tí mo wà yìí?"

"Ẹnu yín ló ń ran èèyàn, Ìyá Jésùlọlá. Ẹyẹ mi ti gba ìtọ́jú."

"Mo mà gbé ọ dé ọsibítù o."

"Ẹ gbé mi, mo dúpẹ́. Ẹ̀yin náà lẹ tì mí wọ yàrá tó fẹ́ pa mí. Méjèèjì ni mi ò ní gbàgbé."

Ìyá Jésùlọlá jókòó sórí òkúta, kò sì wọlé padà.

Moróunkẹ́ na sírínjì sí ọmọ ẹyẹlé. Ọmọ ẹyẹlé ò kọbi ara sí i. Ó nàró lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó na ọrùn sókè, ó ń fi ẹnu kan aṣọ tó bo ètè rẹ̀, ó ń wá igun tó mọ̀. Ó kàn án, ó tún kàn án, ara rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ibẹ̀ ti tì," ni Moróunkẹ́ wí fún un, inú ń bí i, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Àwọn tó ń wò wá ni kí o bi. Ó ti tì. Gba èyí."

Ó yí ojú kúrò, ó rọra ti ẹnu sírínjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọmọ ẹyẹlé, ó dúró títí ẹyẹ náà fi gbà á.